Ọjọ́ tí Àtẹ́lẹwọ́ Wọ Ìbọ̀wọ́

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń jẹ́ ìyàwó ọkùnrin yìí, n kò sì rí i rí kó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan taya, àfi ní ọjọ́ Ajé tí mọ́tò àbúrò rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wo mọ́tò náà, ó yíjú padà, ó wọ ẹ̀yìn lọ. Ìgbà tí yóò fi jáde, ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí mo fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré jù fún un. Ìka mẹ́rin wọlé, àtàǹpàkò kọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù ló bà mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Ṣọ́ọ̀bù taya ni tiwa. Yàrá gbọọrọ kan ni, ó ní ilẹ̀kùn irin tí à ń fà sókè láàárọ̀, tí à ń fà wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, ariwo rẹ̀ sì tó jí òkú. Ẹ̀rọ tí à ń fi tú taya kúrò lára ríìmù wà lápá ọ̀tún, agbada omi tí à ń ri taya sí láti mọ ibi tó ń jò wà lápá òsì. Èmi jókòó sẹ́yìn tábìlì kékeré láàárín méjèèjì, taya tuntun sì wà lórí pákó lẹ́yìn mi ní ìpele mẹ́ta. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn rọ́bà. Ìrọ̀rí mi nílé pàápàá ń rùn rọ́bà.

Àtẹ́lẹwọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sí ẹni tó ń rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ohun tó fà á ni pé kì í fojú yẹ taya wò. Yóò gbé e sórí orúnkún, yóò dijú, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ra ojú rọ́bà náà lọ, yóò tún fà á bọ̀, títí yóò fi yí i ká. Bó bá lajú, yóò sọ bí ẹni tó ni ín ṣe ń wa mọ́tò fún un. Kì í ṣe awo kankan. Taya tí wọ́n bá ń fi ipá yí ní kọ́ọ̀nà máa ń jẹ létí, ọwọ́ tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò bá a bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa ìyẹ́ adìẹ: bó bá lọ síhìn-ín ó dán, bó bá bọ̀ padà ó ta ọwọ́.

Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́, ìyẹn ni wàhálà. Ọ̀gá ilé ìwé kan gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọkọ mi fọwọ́ ra taya, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ òsì yìí ń ha kọ́bù etí títì lójoojúmọ́. Ẹ máa rọra páàkì." Ìyàwó ní, "Kọ́bù wo? Ilé wa ò ní kọ́bù." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ilé ìwé yín náà ò ní." Òógùn bo ọ̀gá. Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ẹnu rẹ̀ ni yóò pa á, ó sì dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn, pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Ọ̀rọ̀ tó fi ń yangàn nìyẹn.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pe ìyẹn, nítorí eré. Ọdún méjìlá ni ọkọ mi fi jù ú lọ, òun ló sì tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ó wẹ̀ ẹ́, ó fún un lóúnjẹ, ó rán an nílé ìwé. Ìgbà tí Ẹ̀fúùfù wá dàgbà tó rí owó, kí ló fi rà? Mọ́tò pupa kan tó sún mọ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú kódà nígbà tó bá dúró. Agbára inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó fi ń tẹlẹ̀ lọ. Iwájú rẹ̀ wúwo, láti ọjọ́ tó ti rà á ló sì ti ń ṣàròyé pé iwájú kì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Bó bá ti ya ṣọ́ọ̀bù wa láti wọn afẹ́fẹ́ taya, kó tó kí ẹnikẹ́ni ni yóò ti máa pariwo látinú fèrèsé mọ́tò pé, "Ẹ̀gbọ́n, méjìlélọ́gbọ̀n! Ẹ má jẹ́ kó lé!" Nọ́ńbà tó yẹ mọ́tò náà nìyẹn lóòótọ́, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú taya, yóò le, kò ní gbámọ́ ilẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Ẹ̀fúùfù kú. Ní kọ́ọ̀nà tó wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni. Ọ̀nà yí sí òsì, mọ́tò lọ tààrà, ó wọ inú òkìtì iyanrìn. Iná iwájú kan fọ́ àti bọ́ńpà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n wo ọ̀dà títì síwá sẹ́yìn, wọn kò rí àmì bíréèkì. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó ṣáájú, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ni àwọn èèyàn tún ń wá? Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyàwó rẹ̀ gbà wọ́n gbọ́, ó da tàpólì bo mọ́tò náà lẹ́yìn ilé, kò sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin wọn ló gbé mọ́tò náà wá lọ́jọ́ Ajé tí mo ń wí yìí. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ti ní kí mẹkáníìkì jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti fún taya láfẹ́fẹ́, ó sì ti wà á fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Màmá, ẹ káàárọ̀ o." Kò tíì pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé tó fi ń sọ̀rọ̀. "Bàbá, iwájú ẹ̀ ò gbà rárá. Tí mo bá yí sítiárìn, á kọ́kọ́ máa lọ tààrà ná, bí ẹni tó ń ronú sí i. Taya wo ló yẹ ẹ́?"

"Tà á," ni ọkọ mi wí.

"Màmi náà ní kí n tà á. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì." Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò náà. "Àmọ́ taya tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ àfi ẹ̀yin. Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Ṣé bàbá mi yí sítiárìn lọ́jọ́ yẹn, àbí kò yí i? Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi wá sílẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ, mi ò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ilé ló ń bọ̀, mọ́tò bàbá mi ni, mi ò ní tà á."

Ìgbà náà ni ọkọ mi wọlé lọ gbé ìbọ̀wọ́. Ó ní ọwọ́ ń dun òun, kí ọmọ náà fi mọ́tò sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀. Ọmọ náà wo ìbọ̀wọ́, ó wò mí, ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mú géèjì, mo wọn afẹ́fẹ́ inú taya iwájú méjèèjì. Méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀tún àti òsì. Mo sọ ọ́ sókè láìronú. Ọkọ mi tó ń ti mọ́tò náà wọlé dúró gbagidi. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní mọ́tò tó bá máa dúró sójú kan kò yẹ kó ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fún méjèèjì ní mẹ́rìndínlógójì. Nírọ̀lẹ́ a fa ilẹ̀kùn wálẹ̀, mo tì í, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún wọn ọ́n. Méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀tún àti òsì.

A tú ẹsẹ̀ méjèèjì, a rì wọ́n sínú agbada. A yí wọn nínú omi títí ojú omi fi pa rọ́rọ́. Ìfóòfó kan báyìí, kò sí. Ọkọ mi pààrọ̀ fáàfù méjèèjì. Ó fún wọn ní mẹ́rìndínlógójì, ó dá wọn padà, ó na sítiárìn tààrà, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Sítiárìn mọ́tò náà máa ń tì fúnra rẹ̀ bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, ìyẹn náà sì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo èyí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ilé ìgbẹ́ o.

Ọjọ́rú, mo fa ilẹ̀kùn sókè, oòrùn wọlé, orí mi sì wú. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti yí sí òsì pátápátá, débi pé rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin inú. Mo fọwọ́ mi gbá sítiárìn mú, kò mì. Ó ti tì pa. Mo wọn taya. Méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ju géèjì náà nù, mo lọ yá òmíràn lọ́wọ́ fọkanáísà tó wà lódìkejì títì. Méjìlélọ́gbọ̀n náà ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀? Taya tó bá ń jò kì í mọ ibi tí yóò dúró. Yóò máa jò títí yóò fi fẹ̀ sílẹ̀ ni. Èyí mọ ibi tó ń lọ.

Ọkọ mi tún na ẹsẹ̀ náà tààrà, ó tún fún wọn ní mẹ́rìndínlógójì, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òru náà mo fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì sùn lé e lórí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òsì ni ẹsẹ̀ náà tún kọjú sí, géèjì sì wí ohun tó ti ń wí bọ̀.

Bí mo bá bínú sí ọkọ mi, ńṣe ni mo máa ń túbọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. "Ẹ̀yin olówó orí mi" ni mo máa ń pè é nígbà tó bá mú mi bínú dé góńgó. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ".

"Kí lo ṣe fún àbúrò ẹ?"

Ó jókòó sórí taya kan tó wà nílẹ̀. "Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ó máa sọ."

"Ó máa sọ kí ni?"

Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bú u. Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọmọ náà fi dé ní ọ̀sán, nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọwọ́ ọkọ mi. Ó rí ìbọ̀wọ́, ó sì mi orí bí ẹni tó ti gba èsì tó ń bẹ̀rù.

"Kò burú, Bàbá. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti yé mi."

Ohun tó sọ yìí ló ṣẹ́gun ọkọ mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó sọ ọ́ sínú agbada omi. Ó fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, ó tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí bí mọ́tò bá yí sí òsì, apá ọ̀tún ló ń gbé ẹrù. Ó jókòó, ó gbé taya náà sórí orúnkún, ó dijú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀. Ó dé etí òde, ó dúró. Ó padà síbẹ̀, ó tún dúró. Omi jáde lójú rẹ̀ tó dì.

"Ó yí i," ló wí.

Ọmọ náà sún mọ́ ọn.

"Ó yí i dé òpin, ó sì dì í mú síbẹ̀. Wá, gbé ọwọ́ ẹ wá. Ṣé ibí yìí ń ta ẹ́ lọ́wọ́? Rọ́bà etí òde ti ká wọlé, ó fà ya. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta tìrẹ ò lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kú kì í yí sítiárìn báyìí. Ìyá ẹ àti ìwọ ló ń bọ̀ wá bá."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó sun ún bí ọmọ kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí taya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ mi. Èmi náà ń sunkún. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó gbé orí sókè.

"Kí ló wá dé tí mọ́tò ò yí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ara mi. Mo fẹ́ kí ọkọ mi purọ́. Mo ti mọ̀ lójú rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó ní iyanrìn ni, kó ní òjò ni, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tí ìbá já a nírọ́.

"Èmi ni," ló wí. "Eré ẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Mo bá a wí títí, kò gbọ́. Ó wá ní kí n wá taya tó rọ̀ fún òun, èyí tó máa di ilẹ̀ mú. Mo ní mo ti rí i. Èyí tó le jù ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fi sí i níwájú, èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tó ń rọra rìn. Mo ní tí iwájú ò bá gbà, ẹ̀rù á bà á, á dín eré kù. Lọ́jọ́ tó kú, ó yà síbí láàárọ̀. Ó ní kí n fún òun ní méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní mo ti fún un. Ogójì ni mo fún un, kó lè le sí i."

"Kò yẹ géèjì wò?" Èmi ni mo béèrè.

"Kò yẹ̀ ẹ́ wò rí láyé ẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Kì í ṣe taya ló bí mi nínú jù, ìfẹ́ òmùgọ̀ ni taya yẹn, n kò lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ọdún mẹ́rin ló bí mi nínú. Ọdún mẹ́rin ló fi ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àbúrò rẹ̀ para rẹ̀, tí ọmọ yìí ń gbé ìtìjú náà kiri, tí òun sì ń jẹun, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ibi tí òtítọ́ ti bá tiwa nìyí, lórí orúnkún rẹ̀.

Ọmọ náà dìde, ó jáde, ó dúró sí etí títì, ó kẹ́yìn sí wa. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ìgbà tó wọlé padà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wá taya tó yẹ ẹ́," ló wí. Kò pè é ní Bàbá.

Ọkọ mi yan taya lọ́jọ́ náà bí n kò ṣe rí i kó yan án rí. Ó kó wọn sílẹ̀ láti orí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná tẹ rọ́bà wò bóyá ó rọ̀, ó ń wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dá èyí tó ti pẹ́ padà. Mẹ́rin tó jọra ló mú, ó ní bí iwájú bá jẹ́ irú kan tí ẹ̀yìn sì jẹ́ irú mìíràn, mọ́tò kò ní mọ ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Ó sọ fún ọmọ náà pé kò ní pẹ́ jẹ tán, kó má bínú, pé taya tó bá di ilẹ̀ mú ní láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Ó tẹ orí ẹsẹ̀ iwájú sínú díẹ̀ kí etí òde rọ́bà má baà dá ìyà jẹ ní kọ́ọ̀nà. Ó gbé mọ́tò náà lọ sí kọ́ọ̀nà ibi òkúta fúnra rẹ̀, òun nìkan, èmi àti ọmọ náà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí a fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó gbà," ló wí. "Bí mo ṣe yí i báyìí, ó yí."

Ọmọ náà wọ mọ́tò, ó ṣáná sí i. Ó ní òun ń lọ bá ìyá òun. Mo rò pé yóò lọ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Bàbá. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó lé."

Ara mi bù máṣọ. Nọ́ńbà yẹn, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ mi. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i létí nínú àwa méjèèjì, n kò sì rántí pé ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá ṣọ́ọ̀bù rí.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ taya. Ó fún un láfẹ́fẹ́ díẹ̀, ó dá dúró, ó tún fún un díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì na géèjì sókè sí ọmọ náà.

"Bọ́ sílẹ̀," ló wí. "Yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ."

Ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gba géèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.